New Advent: ibi tẹ́ ẹ ti lè ka ìwé àwọn Bàbá Ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjọ Àgùdà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé Constantine, ọba Róòmù, ló dá Ìjọ yìí sílẹ̀ ní 325, ẹ má wulẹ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ẹ wọ newadvent.org lórí fóònù yín, ẹ tẹ Fathers lókè (àwọn Bàbá Ìjọ nìyẹn, àwọn olùkọ́ Kristẹni ayé àtijọ́ tí ìwé wọn ṣì wà), ẹ wá Ignatius ti Áńtíókù, ẹ ṣí lẹ́tà tó kọ sáwọn ará Símínà. Bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá yẹn, nǹkan bí ọdún 107 ni, àwọn sójà ti dè é, wọ́n ń mú un lọ Róòmù kí ẹranko lè fà á ya, ó ṣì ń kọ lẹ́tà! Ní orí 7 ó bá àwọn tí ò gbà pé Yúkárístì (oúnjẹ mímọ́ tá à ń gbà ní Máàsì) jẹ́ ara Jésù Krístì Olùgbàlà wí, ní orí 8 ó dárúkọ Ìjọ Kátólíìkì gbangba. Ó ṣì ku ohun tó ju 150 ọdún kí wọ́n tó bí Constantine.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, odindi lẹ́tà ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe gbólóhùn kan tẹ́nì kan já tó wá lẹ̀ mọ́ fọ́tò tó ń káàkiri WhatsApp. Wọ́n fi nọ́ńbà sí orí kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìwé àti orí ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ á lọ wò ó fúnra ẹ̀. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló sì túmọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó ṣáájú 325 yẹn o, Alexander Roberts àti James Donaldson ló ṣe kòkárí ẹ̀ ní Edinburgh látọdún 1867. Ta ló máa wá sọ pé Póòpù ló bá wọn tún un kọ?

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ ráyè kà, First Apology, ìwé tí Justin, ọ̀kan lára àwọn Bàbá Ìjọ, kọ sí ọba Róòmù, Antoninus Pius, láti gbèjà àwọn Kristẹni ní nǹkan bí 155 ni kẹ́ ẹ kà, orí 65 dé 67. Ó ń ṣàlàyé ohun táwọn Kristẹni ń ṣe lọ́jọ́ Sunday: gbogbo èèyàn á pé jọ, wọ́n á ka ìwé àwọn àpọ́sítélì tàbí tàwọn wòlíì, ẹni tó ń darí á wàásù, gbogbo wọn á dìde gbàdúrà, wọ́n á gbé búrẹ́dì wá pẹ̀lú wáìnì àti omi, á gbàdúrà ọpẹ́ lé e lórí, ìjọ á ṣe Àmín, wọ́n á pín in, àwọn díákónì á gbé e lọ fáwọn tí ò lè wá, àwọn tó ní lọ́wọ́ á dáwó fún ọmọ òrukàn àti opó. Ó ní àwọn ò gbà á bíi búrẹ́dì lásán, ara àti ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni fáda yín ò ṣe níbẹ̀ ní Sunday tó kọjá? Orí mi wú nígbà tí mo kà á. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ayé àtijọ́, náà wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀ De Corona orí 3, ó sọ ti àmì àgbélébùú níwájú orí àti ẹbọ tí wọ́n ń rú nítorí àwọn òkú lọ́dọọdún.

Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ti pẹ́ o, ó le díẹ̀, ìpolówó ọjà náà máa ń yọjú. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò fi àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé síbẹ̀. Ẹ wo Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ọmọ Áfíríkà. A fẹ́ràn ká máa tọ́ka sí ìwé tó kọ lórí ìṣọ̀kan Ìjọ, orí 4, níbi tó ti sọ̀rọ̀ Peteru, bẹ́ẹ̀ sì rèé oríṣi méjì ni orí yẹn wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, Cyprian fúnra ẹ̀ sì bá Póòpù Stephen fà á gidi ní 255 àti 256, lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n tún ìrìbọmi ṣe fẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ àwọn aládàámọ̀. Ká má fi pa mọ́. Ẹni tó bá lọ kà á tó rí i pé ẹ bo apá kan mọ́lẹ̀ ò ní gba Ignatius tẹ́ ẹ mú wá gbọ́ mọ́. Torí ẹ̀ lèmi ṣe máa ń ṣí CCEL (Christian Classics Ethereal Library, ìkànnì míì tó ní àwọn ìwé yìí) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àlàyé ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ ní tiwọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún New Advent. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikíìsì, ẹ bá wa gbé orí mẹ́ta ti Justin yẹn sí Yorùbá, káwọn ìyá wa náà rí i kà.