Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC fún píkọ́ọ̀pù àtijọ́: tuntun, àtúnṣe, tàbí àlòkù?

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan AC, kí ẹ sì wo iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri inú páìpù. Bí púlì, àgbá tí bẹ́líìtì ń yí, bá ń yí ṣùgbọ́n tí àwo iwájú rẹ̀ dúró gbagidi, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ má ní àrùn kankan. Bí gáàsì bá ti jò tán, súwíìṣì tó ń ṣọ́ ọ kò ní jẹ́ kí iná dé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń mú kí àwo náà gbá púlì mú. Ó sì lè jẹ́ pé àlàfo àárín àwo àti púlì ló ti fẹ̀ jù. Nǹkan bí ìdajì mìlímítà ló sábà máa ń jẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti jẹ, wọ́n lè yọ wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó tún máa gbá mú. Ojú mi ló ṣe tí wọ́n ju kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó dára sáàárín irin àjákù nítorí èyí, ó sì dùn mí.

Ṣùgbọ́n bó bá ti gan pa, tàbí tó ń pariwo bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta, ó ti di ọ̀rọ̀ rírà nìyẹn.

Tuntun àti àtúnṣe

Nínú tuntun, síìlì, bìárìn àti písítìnì kò tíì ṣiṣẹ́ rí, kílọ́ọ̀ṣì sì sábà máa ń bá a wá. Àmọ́ tuntun ju tuntun lọ. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ ṣe, bíi Denso tàbí Sanden, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹlòmíràn wò ṣe.

Àtúnṣe ni ògbólógbòó tí wọ́n tú, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ òun nìkan ni ihò nọ́ọ̀tì àti ẹnu páìpù rẹ̀ máa bá ti ọkọ̀ yín mu. Ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: àwọn kan tú u dé ìdí, àwọn mìíràn kàn kùn ún lọ́dà. Ẹ fi ọwọ́ yí àárín rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á. Ó gbọ́dọ̀ yí geere, kó má há níbì kankan. Bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, èmi kò ní rà á.

Àlòkù

Òun ló rọjú jù, òun náà ló sì ń tanni jù. Ọ́ìlì inú AC tó ń lo gáàsì R-134a máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ti ya ẹnu sílẹ̀ lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti ń bàjẹ́ láti inú. Èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí gáàsì ṣì wà nínú AC rẹ̀, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ni mo lè fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ R4, irú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúkúrú roboto tó wà lára ọ̀pọ̀ Chevrolet àtijọ́, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn àlòkù rẹ̀. Jíjò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Àwọn tí ọkọ̀ wọn ń lo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ York, onípísítìnì méjì tó wúwo tó sì ń gbọ̀n, lè bọ́ sí Sanden. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ máa nílò bíráákẹ́ẹ̀tì mìíràn, họ́ọ̀sì tí wọ́n tún gé, àti bẹ́líìtì tó tọ́ gbọọrọ.

Ìdọ̀tí ló ń pa á

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó run ara rẹ̀ máa ń tu èérún irin sínú páìpù. Bí irin náà bá ṣì wà níbẹ̀, tuntun tó wọ́n jù lọ máa gbé e mì. Kọ̀ńdẹ́ńsà (èyí tó ń mú ooru kúrò lára gáàsì) onípáìpù pẹlẹbẹ ní ihò tó tín-ín-rín débi pé fífọ̀ kì í mọ́ ọn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ dráyà, agolo tó ń fa omi inú AC, nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí AC, nítorí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í gba wáráńtì láìsí ẹ̀rí pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá di dandan kí n yan ọ̀kan, àlòkù tó dára nínú páìpù tó mọ́ ni màá mú, n ò ní mú tuntun nínú páìpù ẹlẹ́gbin.

Ọkọ̀ tó ti wà ṣáájú nǹkan bí 1994 lè jẹ́ ti R-12, gáàsì tí Àdéhùn Montreal ti 1987 mú kúrò nílẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ kì í bá R-134a rìn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò sì gbẹ. Ẹ bi olùtajà léèrè irú ọ́ìlì tó wà nínú èyí tó ń tà, àti bóyá ó pé tàbí díẹ̀ tí wọ́n kàn fi sí i kó má baà dípẹtà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì wo géèjì bóyá yóò yẹ̀. Lẹ́yìn tí gáàsì bá wọlé, kí wọ́n fi ọwọ́ yí àárín kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó tan AC, kí ọ́ìlì tó gbára jọ nínú rẹ̀ lè tú ká.