Mo ka ẹ̀kọ́ dídarí ọkọ̀ òfuurufú ní community college: ẹ gbọ́ bó ṣe rí kí ẹ tó sanwó

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀kan tí mo yọ nídìí, torí ohun tó fà á lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi ọdún méjì ṣòfò. Ẹ bá mi ká lọ, màá dé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni, ti àwọn tó ń jókòó sórí táwà, ilé gíga tó wà ní pápákọ̀, tàbí sídìí rédà, tí wọ́n ń sọ fún awakọ̀ òfuurufú ìgbà tó máa gbéra, ìgbà tó máa balẹ̀ àti bó ṣe máa ga tó lójú ọ̀run. Níbí ní Amẹ́ríkà, FAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ní ètò kan tó ń jẹ́ AT-CTI. Ètò yìí ni wọ́n fi fọwọ́ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì kan pé kí wọ́n máa kọ́ èèyàn ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Community college, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, wà nínú wọn, ọ̀kan ni mo sì lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí èèyàn mi kan ṣì ń kàwé níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ṣe é lọ ní gbogbo ìgbà tí mò ń kàwé. Tí màmá mi bá ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ bàálù" ni wọ́n máa ń wí, gbogbo wọn á sì rò pé mo fẹ́ máa gbé oúnjẹ fún èrò nínú ọkọ̀ ni. Mo ti dákẹ́, mi ò ṣàlàyé mọ́.

Ti owó, mi ò ní ẹ̀sùn. Ẹni tó ń gbé ládùúgbò kì í san iye tí yunifásítì ń gbà. Mo kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́ nípasẹ̀ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba tí èèyàn kì í san padà, sì gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé, headset àti owó epo ọkọ̀ ló kù tí mo fi owó ara mi gbọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti dùn ni yàrá táwà. Tẹlifíṣọ̀n ńláńlá ló yí wa ká láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, pápákọ̀ òfuurufú kan wà lójú wọn, tòun ti koríko rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé. Olùkọ́ lè tẹ bọ́tìnnì kan kí kùrukùrù bo gbogbo rẹ̀. Ní yàrá kejì, àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ń ṣe awakọ̀: wọ́n á gbé headset wọ̀, wọ́n á máa dá wa lóhùn, wọ́n á sì máa darí bàálù orí kọ̀ǹpútà bí a bá ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀, Ààrẹ Reagan sì lé àwọn tó ju 11,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba wá ń wá ọ̀dọ́ tí wọ́n máa fi dípò wọn lójú méjèèjì, ibẹ̀ ni bàbá bá wọlé. Wọ́n ṣe é títí òfin fi lé wọn kúrò, torí ọmọ ọdún 56 ni òpin, bó ti wù kí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Lọ́jọ́ kan, arákùnrin kan ní kíláàsì wa ló wà nípò ẹni tó ń darí ọkọ̀. Cessna kékeré kan ń bọ̀ wá balẹ̀, Boeing 737 kan sì ń yí bọ̀ nílẹ̀. Arákùnrin yìí ní kí 737 dúró sẹ́yìn ìlà, kó má ṣe wọ ojú ọ̀nà. Ohùn kan dáhùn láti yàrá kejì: "Roger." Kò fi nǹkan kan kún un. Arákùnrin kọjú sí Cessna, ó ní kó máa bọ̀ wá balẹ̀. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo nǹkan dúró gbagidi, Cessna so rọ̀ sókè lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ni 737 sọ fún ẹ?"

"Ó ní òun ti gbọ́, sà."

"Ó ní òun gbọ́. Ṣé ó ní òun máa dúró?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Òfin wọn ni pé tó o bá ti ní kí awakọ̀ dúró sẹ́yìn ìlà, ó gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn náà padà fún ẹ, tòun ti nọ́ńbà ojú ọ̀nà. Bí kò bá kà á, wàá máa béèrè ni títí yóò fi kà á. Bàbá wá sọ ìtàn Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spain, fún wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, Boeing 747 méjì pàdé lórí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú kùrukùrù, ti iléeṣẹ́ KLM àti ti iléeṣẹ́ Pan Am. Awakọ̀ KLM ti ń sáré láti gbéra láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda fún un. Nígbà tí wọ́n sọ fún táwà pé àwọn ti wà ní ẹnu gbígbéra, "OK" ni táwà kọ́kọ́ fi dáhùn. Pé kí wọ́n ṣì dúró ló tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohùn Pan Am tó ń sọ̀rọ̀ lákòókò kan náà ti bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn 583 ló kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lórí táwà kì í fi í pe "takeoff" lónìí, àfi ìgbà tó bá ń yọ̀ǹda fún ọkọ̀ kó gbéra gan-an, tàbí tó bá ń gba ìyọ̀ǹda náà padà. Nígbà yòókù, "departure" ni. Mo ti kà á nínú ìwé tẹ́lẹ̀, kò sì dà bí nǹkan kan létí mi. Bí Cessna ṣe so rọ̀ yẹn ló jẹ́ kó yé mi.

Ìwé òfin ọ̀rọ̀ sísọ wọn ni wọ́n ń pè ní 7110.65. Bí gbólóhùn bá ṣe wà níbẹ̀ ni kó o ṣe sọ ọ́, láìfi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Èmi tí wọ́n tọ́ nílé tí èèyàn kì í ti í nàka sí àgbà, ara mi kọ́kọ́ ń kọ̀ ọ́ láti máa pàṣẹ fún káputéènì: yà sọ́tùn-ún, sọ̀ kalẹ̀, dúró. Nọ́ńbà pàápàá ní bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ariwo rédíò má baà jẹ́ kí ọ̀kan jọ èkejì: "tree" ni wọ́n ń pe three, "fife" ni five, "niner" ni nine. Àwa tí wọ́n ti ń fi "tree" ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tá a ti débí, máàkì tiwa ti wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé. Tí rédíò ọkọ̀ kan bá kú lójú ọ̀run, iná ni táwà fi ń bá a sọ̀rọ̀, fìtílà ńlá kan tí wọ́n máa na sí ọkọ̀ náà. Iná aláwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú ní máa balẹ̀. Pupa tí kò ṣẹ́jú ní fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíì, máa yí ká. Pupa tó ń ṣẹ́jú ní pápá yìí léwu, má balẹ̀. Bàbá gbé fìtílà náà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n lọ dúró sí òpin ibùdókọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó máa ṣe ohun tí iná bá wí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ wá bi wá pé kí là ń ṣe. Bàbá tan pupa sí wọn.

Ti rédà, iṣẹ́ orí ni. Akádẹ́mì FAA, níbi tí ẹni tí wọ́n bá gbà ti ń kọ́ṣẹ́, wà ní Oklahoma City, wọ́n sì ní ojú ọ̀run àfọkànyà kan tí wọ́n fi ń kọ́ni, Aero Center lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ká ti mọ máàpù rẹ̀ lórí kí á tó débẹ̀: wọ́n á fún ẹ ní pépà òfìfo, wàá ya ọ̀nà òfuurufú, orúkọ pápákọ̀ àti nọ́ńbà rédíò sí i. Mo lẹ tèmi mọ́ ara fìríìjì. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò bìkítà fún bàálù, ti mọ ìdajì rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà, ìṣirò ló kù: ọkọ̀ méjì gbọ́dọ̀ fi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà síra lóròó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nautical mile (máìlì tí wọ́n ń lò lójú òkun àti lójú ọ̀run) 5 láàárín wọn, tàbí 3 tí wọ́n bá ti sún mọ́ pápákọ̀. Bó o bá gbójú kúrò lára méjì láti wo ẹ̀kẹta, méjì àkọ́kọ́ kò ní dúró dè ẹ́.

Ó ku ìráhùn. Simulator táwà, ìyẹn yàrá tẹlifíṣọ̀n tí mo sọ lókè, kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, tí ohùn rẹ̀ bá ti dákẹ́, a ń dúró de ẹni tó máa wá tún un ṣe láti ìlú míì. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ojú ọjọ́ kàn ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wa ni, àwa náà sì lójú. Ìyẹn ò tó kí n yọ ìràwọ̀.

Ohun tí mo yọ ìràwọ̀ lé lórí rèé. Nínú ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ náà, owó oṣù ló wà lókè gàdàgbà. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé FAA kì í gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 31 nígbà tí ìpolówó iṣẹ́ bá ń parí, àyàfi àyè díẹ̀ tó wà fún ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, bí àwọn tó ti wà nínú iṣẹ́ ológun. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Green card, ìwé ìgbélùú, kò tó. Arákùnrin kan nínú kíláàsì wa, bàbá ọlọ́mọ méjì, ti lé ní ọgbọ̀n dáadáa nígbà tó wọlé. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ó gba owó rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹnu bàbá olùkọ́ ló ti gbọ́ ọ ní ọdún kejì. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ní ọdún kejì.

Ìwé ẹ̀rí náà kì í ṣe iṣẹ́. Àǹfààní tó ní ni pé tí FAA bá gbà ẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó o tún kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún ní Oklahoma City, wàá bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wàá ṣe ìdánwò ATSA, tí FAA fi ń yan ẹni tó lè ṣiṣẹ́ náà, bíi ti gbogbo èèyàn. Apá kan wà níbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù tó ní nọ́ńbà ń rìn káàkiri ojú kọ̀ǹpútà, kó o tẹ nọ́ńbà èyí tó fẹ́ kọ lu òmíràn kí wọ́n tó kàn ara wọn, ìṣirò sì ń bọ́ sílẹ̀ láàárín kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò ara, ojú, àwọ̀ tí ojú lè dá mọ̀, oògùn tó ò ń lò, àti ìwádìí ìgbésí ayé rẹ. Tó o bá sì fìdí rẹmi ní akádẹ́mì, ó parí nìyẹn.

Àwọn tó kà á ṣáájú wa rí nǹkan. Lọ́dún 2014, FAA yí bí wọ́n ṣe ń gbani padà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè nípa ìgbésí ayé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ AT-CTI tí wọ́n ti yege ìdánwò tẹ́lẹ̀ ni ìbéèrè náà yọ dànù. Ọdún 2016 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ṣòfin pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́rùn wọn.

Ní báyìí, ètò tuntun ti wà tí wọ́n ń pè ní Enhanced AT-CTI. Tulsa Community College àti University of Oklahoma ló kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 2024. Ẹni tó bá parí níbẹ̀, tó sì yege ohun tí FAA bá béèrè, kò ní lọ sí akádẹ́mì mọ́, ibi iṣẹ́ ló ń gbà lọ tààrà. Tó bá jẹ́ pé ó wà nítòsí mi nígbà tí mò ń wá ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni ǹ bá wọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ máa ń bi mí bóyá ẹ lè gba fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ wá kà á: ẹ lè kà á, FAA kò ní gbà yín síṣẹ́. Zaria ni kí ẹ kọjú sí. Láti ọdún 1964 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ òfuurufú ti wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀, NAMA, iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ojú ọ̀run, ló sì ń gbà wọ́n síṣẹ́.

Èmi ti yege ATSA, mò ń dúró de ìwádìí wọn. Iṣẹ́ òru mi ṣì wà.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ wo yàrá simulator fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ lọ́sẹ̀, kó sì béèrè ẹni tó ń kọ́ni, bóyá ó jókòó lórí táwà rí. Tiwa, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àyè máa ń wà láti gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn aago mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà dání, torí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, wọn ò ro tiwa mọ́ ọn.