Àánú ṣíṣe lórí fóònù: àwọn ọ̀nà kéékèèké tí mo ti lò, àti èyí tí mo dì mú

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá ní a lè gbà ṣàánú lórí fóònù kí n tó tẹ ohunkóhun: owó ta ló ń jáde, ta ló sì ń gbà á? Mo ti fi ìbéèrè yìí yẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn wò. Àwọn kan dára fún ọmọdé, àwọn kan dára fún àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun, àwọn kan kò sì wúlò fún ẹni tó ń gbé Èkó rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tí n kò lè fi sílẹ̀ mọ́.

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, Ṣómólú ni mo ń gbé. Kì í ṣe owó ńlá ni mo ń sọ o. Owó tí èèyàn ń fi ra gálà àti omi tútù nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ orí Third Mainland ni, 200 náírà, 500 náírà, bó bá pọ̀ jù, 2,000. A máa ń rò pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí à ń fi ṣàánú, a ó wá máa dúró dìgbà tí a bá lówó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Owó kékeré ń ṣe nǹkan gidi, bí kò bá ti sọnù sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Freerice, eré ìbéèrè àti ìdáhùn orí fóònù, torí kò ní gba kọ́bọ̀ lápò yín. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi yín, ìdáhùn mélòó kan á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó mú ọ̀kan. Bí ẹ bá gbà á, ẹyọ ìrẹsì á bọ́ sínú abọ́ igi kan tí wọ́n yà sójú fóònù. Bí ẹ bá kùnà, wọ́n á gbé èyí tó rọrùn wá. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Breen ló ṣe é ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìdánwò, kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè yé ọmọ náà sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹyọ ìrẹsì 830 péré ni gbogbo àwọn tó ta á rí kó jọ. Ní 2009 ó fà á lé World Food Programme lọ́wọ́, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àwọn kan náà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2020.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló mú un wọlé. SS2 ló wà. Bí mo bá ń já ẹ̀fọ́ lálẹ́, á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á jókòó, á gbé fóònù lé orúnkún.

“Àǹtí, kí lolú-ìlú Burkina Faso?”

“Ouagadougou.”

“Ẹ̀ẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á!”

Ìrẹsì á bọ́ sínú abọ́. Bó bá kan àwọn ààmì kẹ́mísírì, èmi á dákẹ́, òun á dá a ṣe. Ìsọdipúpọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ tí kì í fẹ́ gbọ́ 7 lọ́nà 8 látẹnu olùkọ́ ló wá ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kóun ṣe díẹ̀ sí i kóun tó sùn.

Owó ta ló ń jáde níbẹ̀? Owó àwọn tó ń polówó ọjà níbẹ̀ àti àwọn onígbọ̀wọ́ ni. Ìrẹsì tí ẹ rí nínú abọ́ kọ́ ni wọ́n ń dì sínú àpò o. Owó tó bá iye rẹ̀ mu ló ń lọ sọ́wọ́ àjọ náà. Àjọ yìí sì wà nítòsí wa níbí, àwọn ló ń bọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Borno, Adamawa àti Yobe.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni mí, mo gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹyọ 10 ni ìdáhùn kan ń mú wá nígbà tí eré yìí bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù ìrẹsì kan á tó nǹkan bí ẹyọ 50. Kóńgò kan, tó máa ń tó kílò kan ààbọ̀, á gba bí ẹyọ 75,000. Ìdáhùn 7,500 nìyẹn kí kóńgò kan ṣoṣo tó kún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tó sì ń ta Freerice torí àánú nìkan, owó dátà yẹn gan-an ni kó gbé fún ẹni tí ebi ń pa. Bí ọmọ bá wà nílé tó ń múra WAEC, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e fún un, kó máa kàwé, kí abọ́ ẹlòmíì sì máa kún díẹ̀díẹ̀.

Ecosia ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ó fi rọ́pò Google, ẹ ó máa fi wá ohun tí ẹ fẹ́ wá, wọ́n á sì fi èrè ìpolówó gbin igi. Ará Jámánì kan, Christian Kroll, ló dá a sílẹ̀ ní 2009, ìlú Berlin ni wọ́n wà, wọ́n sì máa ń gbé ìṣirò owó wọn síta kí gbogbo ayé rí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn gidi gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìpolówó lowó ń wọlé. Bí ẹ bá wá nǹkan títí ilẹ̀ fi ṣú láìtẹ ìpolówó kankan, igi kankan ò jáde látọ̀dọ̀ yín. Ó wà lórí fóònù mi. N kò kà á mọ́ àánú mi.

Ìdí tí n kò fi gbára lé àwọn ọ̀fẹ́ wọ̀nyí pátápátá ni pé owó olówó ni. Nígbà tó bá wu olówó, á pa á tì. Amazon ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní AmazonSmile, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013: ẹ bá ra nǹkan, wọ́n á mú ìdajì náírà nínú 100 fún ẹgbẹ́ aláàánú tí ẹ bá yàn, láti àpò tiwọn. Ní oṣù kejì 2023 wọ́n ti í pa. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ti ń fojú sọ́nà fún un kò sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí fífi owó tèmi sílẹ̀. ShareTheMeal ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, áàpù World Food Programme kan náà. Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015, 80 sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà sí oúnjẹ ọmọ kan fún ọjọ́ kan. Áàpù náà mọ́, ó yá, ẹ sì lè yan ibi tí ẹ fẹ́ kówó yín lọ. Káàdì náírà ni ìṣòro nígbà náà. Ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì wa gé ohun tí káàdì náírà lè ná nílẹ̀ òkèèrè sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà. Báńkì tèmi, tí n kò ní dárúkọ, kọ̀ jálẹ̀, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo kàn ń rí “declined” ni. Àbúrò mi tó wà ní London ló wá ń lò ó, ó sì máa ń yìn ín fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, tàbí tí ẹ ní káàdì dọ́là, ẹ lò ó láìfòyà.

Èyí tí mo dì mú wàyí. Inú áàpù báńkì tí gbogbo wa ní lọ́wọ́ ló wà: standing order, àṣẹ tí ẹ fún báńkì kó máa fi owó ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà akáǹtì ẹgbẹ́ aláàánú, iye, ọjọ́ tó yẹ kó máa jáde lóṣù, ó parí. Tèmi ń jáde lọ́jọ́ kejì oṣù, kí owó ọjà tuntun tó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn àgbàlagbà ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ń fún, n kò ní dárúkọ wọn kó má dà bí ìpolówó. Àwọn tí gbogbo Èkó mọ̀ náà wà: Lagos Food Bank Initiative ń pín oúnjẹ, Slum2School Africa, tí Otto Orondaam dá sílẹ̀ ní 2012, ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, Chess in Slums Africa, tí Tunde Onakoya dá sílẹ̀ ní 2018, ń fi ayò chess gbé àwọn ọmọ àdúgbò òtòṣì dìde. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2024, nígbà tó fi 60 wákàtí ta ayò ní Times Square ní New York láti wá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń sọ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ wo àléètì yín dáadáa, ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ẹ bá fi owó tí kò ju 5,000 lọ ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, 10 náírà lowó iṣẹ́, VAT á gun orí rẹ̀, á di 10.75. Owó SMS tún jẹ́ 6 náírà. Ẹni tó ń fi 250 náírà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ á san bíi 17 náírà lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, 67 náírà ti lọ. Bó bá kó o pọ̀ tó di 1,000, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò san án. 50 náírà tó kù yẹn, ẹ lè rò pé kò tó nǹkan, àmọ́ tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń fi 250 ránṣẹ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, lóṣooṣù 5,000 ló ń bọ́ sọ́wọ́ báńkì dípò ẹnu ọmọlọ́mọ. Àwọn áàpù kan wà tí kì í gba owó yìí rárá. Bí tiyín bá wà nínú wọn, ẹ máa fi ránṣẹ́ nígbàkigbà tó bá wù yín.

Bó bá sì jẹ́ pé orí ìkànnì ẹgbẹ́ náà lẹ fẹ́ ti fi káàdì san án, tó sì jẹ́ Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó káàdì, ni wọ́n ń lò, ẹ mọ èyí: 1.5 nínú 100 ni Paystack ń mú, wọ́n á sì fi 100 náírà kún un, ṣùgbọ́n wọn kì í gba 100 náírà yẹn bí owó kò bá tó 2,500. Ẹni tó san 2,400, 36 náírà ló kúrò níbẹ̀. Ẹni tó san 2,500 gan-an, 137 náírà ààbọ̀. Ẹ fi 2,400 sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà á gba ohun tó pọ̀ ju ti ẹni tó fi 2,500 sílẹ̀ lọ! Mo sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó ń bá mi ná ọjà, èmi náà ò lè dákẹ́.

Alhájà tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí tèmi kì í lo áàpù. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni tiwọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe sàráà, wọ́n sì ti pẹ́ tí wọ́n ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí wọn ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n bi mí pé, “Ìyá mi, owó tí mò ń fún wọn yìí, ṣé ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń gbà á?” Mo fi USSD báńkì wọn hàn wọ́n. 6.98 náírà ni ilé iṣẹ́ fóònù ń yọ nínú owó ìpè fún ìṣẹ́jú méjì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Alhájà tẹ nọ́ńbà akáǹtì ẹgbẹ́ tí mo ń fún ní Ajégúnlẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà jáde lójú fóònù kí wọ́n tó tẹ PIN, wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Àwọn náà rèé.” Wọ́n ṣì ń fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó jáde yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí wọ́n bá pe ara wọn ní ẹgbẹ́, tí orúkọ èèyàn wá jáde, ẹ dá ọwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú rẹ̀. Abẹ́ “Incorporated Trustees” ni ẹgbẹ́ aláàánú sábà máa ń wà. Pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ kò sọ pé olóòótọ́ ni wọ́n o, àmọ́ ẹni tí kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ló fẹ́ kí n fi wá òun bọ́rọ̀ bá dé?

Ti WhatsApp ló ń dùn mí jù. Àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn, akáǹtì nísàlẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì”. Nínú gúrúùpù ìlà wa, àwòrán ọmọ kan náà padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, orúkọ ọ̀tọ̀, àìsàn ọ̀tọ̀. Ẹni tó ṣe é ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo ìyá tó jókòó ní ilé ìwòsàn LUTH, ti Igbóbì, ti Massey, tí kò ní ẹ̀tàn kankan lọ́wọ́. N kò yé fi owó sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n akáǹtì ilé ìwòsàn ni mo ń sanwó sí, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì aláìsàn. Mo máa ń béèrè wọ́ọ̀dù tí ọmọ wà, mo sì máa ń pe ilé ìwòsàn náà. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ gidi kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ìyá kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo béèrè, ó ní àwọn ẹbí òun kan ti gba owó lórúkọ ọmọ òun, òun ò sì fojú kan owó náà.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí tún ṣe. Wọ́n máa ń fi ìròyìn oṣù ránṣẹ́, iye tó wọlé, iye abọ́ tí wọ́n pín. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, èmi ni mo sì ń kà á fún Alhájà. Ohùn ìṣẹ́jú méjì ní Yorùbá, tí Alhájà lè gbọ́ láti ẹnu wọn tààrà, kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tèmi ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.