Mo fi ẹ́ńjìnnì dísù Volkswagen sínú Suzuki Samurai: ohun tí mo rí

Ẹni tó bá ti wa Suzuki Samurai gun òkè rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ̀ náà kéré, ó fúyẹ́, ibi tí Jeep ńlá bá há sí, ṣe ló máa rá kọjá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ni kò lágbára: 1.3 lítà, họ́ọ̀sì páwà tó lé díẹ̀ ní 60. Èyí tó ń lo kábúrétọ̀ tún máa ń kú bí ọkọ̀ bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpáta. Colorado ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, òkè ló sì kún ibẹ̀, ni mo bá ra ohun èlò tí wọ́n fi ń so ẹ́ńjìnnì dísù Volkswagen mọ́ gíábọ́ọ̀sì Suzuki.

Ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ ní rírà? Àwọn kan á ní 1.9 TDI ni, ẹ́ńjìnnì dísù Volkswagen tó dé lẹ́yìn: 90 họ́ọ̀sì páwà, kì í mu epo. Òótọ́ ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, wáyà rẹ̀ sì lọ jàra. Èmi mú 1.6 àtijọ́ tó ní turbo (ohun tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ Jetta ayé ìjọ́un. Páńpù Bosch tó ń pín dísù fún un kò mọ kọ̀ǹpútà rí. Tó bá ti ta tán, wáyà kan ṣoṣo ló kù tó nílò, èyí tó ń ṣí ọ̀nà epo lórí páńpù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú igbó, màá rí i, màá sì lè fọwọ́ bà á. Ẹ má ra èyí tí kò ní turbo o. 52 họ́ọ̀sì páwà péré ni, afẹ́fẹ́ orí òkè sì fẹ́lẹ́.

Irin pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ yìn jù. Gbogbo ihò rẹ̀ ló bára mu, bóòtù wọlé wẹ́rẹ́, kò sí pé à ń fi fáìlì ha nǹkan. Ẹ́ńjìnnì síìtì náà dáa. Àmọ́ ohun tí wọn ò fi sínú páálí pọ̀: họ́ọ̀sì rédíátọ̀, sàlẹ́ńsà, okùn tọ́tù (èyí tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré), páìpù tó ń dá dísù tó ṣẹ́kù padà sínú táǹkì. Owó wọn kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí ẹni tó tà á ti sọ ọ́. Ẹ yẹ bíréèkì náà wò. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í fún bùsítà bíréèkì, èyí tó ń jẹ́ kí bíréèkì rọrùn láti tẹ̀, ní fákúọ́ọ̀mù (agbára tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde) bíi ti pẹtiróòlù. Páńpù kékeré kan ló ń ṣe é, ibi tí dísùtíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, ì bá wà ló jókòó sí. Tí ẹni tó ta àlòkù fún yín bá ti yọ ọ́, bíréèkì yín á le gbagidi.

Lórí òkè ńkọ́? Ibẹ̀ ni owó mi ti pé. Mo fi í sí lóò (ipò tó lọ́ra jù, tó sì lágbára jù), gíà kìíní, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù pátápátá, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lórí òkúta. Bí táyà bá kan èyí tó tóbi, ẹ óò gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀ díẹ̀, páńpù á fi epo kún un fúnra rẹ̀, á tún gbéra. Kì í kú. Tí ẹ bá sì wọ odò, kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tí omi máa pa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kómi gba ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Orí márosẹ̀ ló ti ń dójú tini. Gíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn nínú Samurai, kódà tó bá wà ní hái (ipò eré, tí kì í ṣe lóò), ìlọ́po 1.409 ló fi ń dín eré kù, torí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó ń yí kíákíá ni wọ́n ṣe é fún. Dísù ò lè yí tóyẹn. Ní 65 máìlì ní wákàtí kan, ariwo rẹ̀ dà bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́nu fèrèsé. Ìyàwó mi ti ní òun ò bá mi lọ sí Denver nínú ẹ̀ mọ́. Táyà tó ga ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì yìí wúwo ju ti Suzuki lọ, nítorí náà ẹ pààrọ̀ sípírín iwájú. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, torí tó bá já, fáàfù á gbá písítìnì. Ẹ̀yin ará California, òfin èéfín tiyín le ju tiwa lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó kankan.