Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ṣe páìpù afẹ́fẹ́ furnace kiri Maryland

Ẹ̀yin ará ilé tó wà ní Maryland, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Prince George's County, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú nítorí ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n lánàá ni mo rí i tí ọkùnrin yẹn tún ń polówó ara rẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp mìíràn, nọ́ńbà tuntun ló fi síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń béèrè iye tó ń gbà. Àyà mi já. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ilé wa ti pẹ́ díẹ̀. Furnace onígáàsì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ló wà nísàlẹ̀ ilé, nínú yàrá kótópó kan, òun àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bí òtútù bá dé, yàrá àwọn ọmọ lókè kì í móoru dáadáa. Àbíkẹ́yìn mi sì ní àsímà, eruku tó ń tinú ihò afẹ́fẹ́ jáde ń dà á láàmú. Ohun tí mò ń wá kò ju ẹni tó máa tún àwọn páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ sí yàrá ṣe, kó sì fi asẹ́ tó dáa sí furnace.

Ẹnìkan fi nọ́ńbà ọkùnrin yìí sí gúrúùpù WhatsApp wa, ó kọ ọ́ pé "èèyàn dáadáa ni", ni mo bá pè é. Ọjọ́ Sátidé ló wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Lórí sìmẹ́ńtì tútù nísàlẹ̀ ilé mi, ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja! "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mo jẹ́. Àwọn òyìnbó á kàn gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín ni." Dọ́là 7,200 ló pè é. Ó ní kí n kọ́kọ́ san 5,000 kí òun fi ra ohun èlò, Zelle nìkan, èyí tí èèyàn fi ń fowó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì, ni òun ń gbà. Orí àga tí mo jókòó sí náà ni mo ti fi owó ránṣẹ́. Dádì àwọn ọmọ béèrè pé ṣé ó ní láísẹ́ńsì. Èmi ni mo dá wọn lóhùn. Èmi fúnra mi! Mo ní ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ẹ má dójú tì í.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló fà á. Rárá o. Dọ́là 7,200 kì í ṣe owó pọ́ọ́kú, owó iṣẹ́ alẹ́ tí mo ṣe ni. Mo fẹ́ kí owó mi bọ́ sọ́wọ́ ọmọ wa ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, òun àti ọmọkùnrin méjì. Wọ́n gé àwọn páìpù onírin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn lọ. Wọ́n wá fi páìpù rírọ̀ onírọ́bà rọ́pò wọn, wọ́n fi okùn so ó rọ̀ bí ìfun ẹran, ó tẹ̀ níhìn-ín, ó wó lọ́hùn-ún. Téèpù aláṣọ, èyí aláwọ̀ eérú yẹn, ni wọ́n fi wé gbogbo oríkèé rẹ̀. Ó ní asẹ́ HEPA, èyí tó ń mú eruku tó kéré jọjọ, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, ni òun fi sí i, dọ́là 180 lẹ́yọ kan, ó sì gba owó mẹ́rin lé orí iye tí a ti jọ fẹnu kò sí. Ọsibítù kẹ̀! Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 11 ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, mo sì gbà á gbọ́!

Èyí tó burú jù ni pé ó lu ihò ńlá sára páìpù tó ń dá afẹ́fẹ́ padà sí furnace, nínú yàrá kótópó yẹn gan-an. Ó ní kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ sí i ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ọmọ. Orí fọ́ èmi náà. Èébì ń gbé ọmọ mi àgbà. Mo ní òtútù ló mú wọn, mo fún wọn ní Tylenol, mo ní kí wọ́n lọ sùn. Ara wọn kò gbóná, bẹ́ẹ̀ bí a bá ti jáde nílé, orí á fi wá sílẹ̀. Aláìsàn tó bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi níbi iṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti béèrè nípa gáàsì. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi, mi ò rí i. Mi ò tíì lè dárí jin ara mi.

Aago mẹ́ta òru ni alámù carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, han. Gáàsì yẹn kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í jí èèyàn lójú oorun. Bí kì í bá ṣe alámù yẹn ni, èmi kọ́ ni ì bá máa kọ èyí. A kó àwọn ọmọ jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà, mo pe 911. Àwọn panápaná dé, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ inú ilé, wọ́n pa gáàsì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn án.

Ẹni tó ní láísẹ́ńsì tó wá wò ó ló ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀rọ omi gbígbóná náà ń jó gáàsì, èéfín rẹ̀ sì ń fúnra rẹ̀ gòkè gba páìpù jáde síta. Ihò tí wọ́n lu yẹn mú kí fáànù furnace máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá náà gidigidi, èéfín tó yẹ kó gòkè wá ń padà wálẹ̀, furnace ń fà á mu, ó sì ń pín in fún wa ní yàrá. Ó ń pín in fún àwọn ọmọ mi! Ó yọ asẹ́ "HEPA" náà: asẹ́ bébà lásán ni. Ìwọ̀n íǹṣì 16 sí 20 ni wọ́n fi síbi tó yẹ kí 16 sí 25 wà, wọ́n fi páálí dí ìyókù. Ọfà ara rẹ̀ tó yẹ kó kọjú sí furnace kọ ẹ̀yìn sí i. Téèpù náà ti ń ṣí kúrò.

Dọ́là 6,400 ni mo tún san kí wọ́n tó tún un ṣe. Mo pe ọkùnrin yẹn, kò gbé e. Mo tún pè, ó ti dí nọ́ńbà mi. Báǹkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sí gúrúùpù wa, mo bi í, ó ní òun náà kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n kàn fi ránṣẹ́ sí òun ni. Kí ló wá dé tó fi kọ ọ́ pé "èèyàn dáadáa ni"? Ta ló ní kó jẹ́rìí?

Ní báyìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tajà gbọ́ mọ́. Kódà obìnrin tó ń ta ẹja fún mi láti ọdún mẹ́fà, mò ń ka ẹja lójú rẹ̀. Ó dùn mí pé mo dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo láísẹ́ńsì HVACR (ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlémóoru àti amúlétutù) lórí ìkànnì Maryland Department of Labor kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda káúńtì. Òfin ìpínlẹ̀ wa fún àwọn tó ń tún ilé ṣe ni pé wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ ṣáájú. Ẹ fi káàdì san án, kì í ṣe Zelle. Oríkèé páìpù, ọ̀dà mastic tàbí téèpù onírin tí wọ́n kọ UL 181 sí lára (àmì pé wọ́n ti dán an wò fún páìpù afẹ́fẹ́) ni kí wọ́n fi dí i. Asẹ́, ẹ wo nọ́ńbà MERV (tó ń sọ bí asẹ́ ṣe ń mú eruku tó) tí ìwé furnace yín gbà. Èyí tó bá ki jù kì í jẹ́ kí furnace mí, á gbóná jù, á máa kú fúnra rẹ̀. Kí alámù carbon monoxide wà ní gbogbo ìpele ilé, lókè àti nísàlẹ̀, pàápàá lẹ́bàá yàrá tí ẹ ń sùn.

Ẹni tó bá ti sanwó fún un, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Àwòrán gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n ní bí ẹlòmíràn bá wà kó tètè yọjú. Bó bá sì jẹ́ òun ló ṣiṣẹ́ nílé yín, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ pa furnace yẹn lálẹ́ yìí.