Mo wọ ọkọ̀ ojú omi wákàtí méjì tórí kábéèjì, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìrìn àjò náà. Ìkan tó kù yẹn, bàtà mi ló jẹ ẹ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń ti Bristol lọ wo kábéèjì ní Lundy, ó ní ṣé èyí tó wà ní Tesco ò tó ni. Mo ní rárá o, Lundy cabbage lèyí, kò sí níbòmíì lágbàáyé àfi ní erékùṣù yẹn nìkan, tí kò ju bíi máìlì mẹ́ta ní gígùn, lójú òkun Devon ní England. Dókítà kan ní Braunton, Elliston Wright, ló kíyè sí i, ìdí nìyẹn tí orúkọ Wright fi wà nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀, Coincya wrightii.

Ọkọ̀ tó gbé wa láti Ilfracombe mọ́ tónítóní, tíì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n tí ìgbì bá ń ru ẹ má yó wọ̀ ọ́ o, èmi ti jẹ mọ́ínmọ́ín méjì pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, òkè ló kàn, òkè gidi! Ẹni tó ni ilé tí mo sùn sí lálẹ́ ti sọ fún mi pé ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, ni mo bá wọ kánfáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ mi rí nǹkan.

Kí n tó gun òkè yẹn jìnnà ni mo gbójú sókè: òdòdó kábéèjì náà, yẹ́lò, yẹ́lò lára àpáta! Igi míì ga tó mítà kan. Kòkòrò kan tún wà, tíńtín báyìí, ara ẹ̀ ń dán bí idẹ, ó ń ta pọ́ún bíi tata, ara kábéèjì yìí nìkan ló ń gbé, so tí kábéèjì bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Ọ̀tá kábéèjì náà tó le jù ni rhododendron, òdòdó inú gádẹ̀n tí wọ́n kó wá láti ìlú míì, ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣíji bolẹ̀ débi pé nǹkan ò lè hù lábẹ́ ẹ̀. Àìmọye ọdún ni wọ́n fi gé e, àwọn kan fi okùn sọ ara wọn rọ̀ lára àpáta nítorí ẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti gé e kúrò, kábéèjì máa ń hù padà, torí hóró ẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Àgùntàn, ehoro àti ewúrẹ́ náà ò jẹ́ kó sinmi (ewúrẹ́ ò kúkú yàtọ̀ níbì kankan). Lọ́dún tí ehoro bá pọ̀, kábéèjì máa ń dín kù, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹnu wọn ò tó ló sá sí.

National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá, ló ni erékùṣù náà láti 1969, àjọ míì, Landmark Trust, ló ń bójú tó o. Ẹ lọ ní ìparí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, kẹ́ ẹ wọ bàtà tó nípọn, kẹ́ ẹ jẹun ní Marisco Tavern, ilé ọtí tó wà ní erékùṣù náà.

Ìyàwó mi ti lóun máa bá mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bi mí bóyá wọ́n á jẹ́ kóun já ewé méjì péré. Ẹ bá mi sọ fún un o.