Codazzi, Panini, Canaletto àbí Piranesi: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Àwòrán Ahoro àti Ìgboro Àtijọ́

Oríṣi méjì ni ọjà àwòrán ahoro àti ìgboro tí àwọn ayàwòrán Ítálì fi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún. Wọ́n ń pe èkíní ní veduta, ìyẹn àwòrán ibi tó wà lóòótọ́. Wọ́n ń pe èkejì ní capriccio, níbi tí ayàwòrán ti máa ń kó àwọn ilé tó jìnnà síra jọ sójú kan bó ṣe wù ú. Pé ẹ rí Colosseum, gbọ̀ngàn eré àtijọ́ tó wà ní Róòmù, nínú àwòrán kan kò tíì sọ ọ́ di veduta, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Nínú àwọn tó ń ya ahoro, Viviano Codazzi àti Giovanni Paolo Panini ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi wéra. Codazzi, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1604, ṣiṣẹ́ ní Naples títí rògbòdìyàn ọdún 1647 fi mú un kọjá sí Róòmù, níbi tó kú sí ní 1670. Ilé nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀: òpó, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun, ògiri tí ìrẹ́ ti ṣí lára rẹ̀ tí bíríkì sì yọjú. Ẹlòmíràn ló máa ń bá a ya ènìyàn sí i, Domenico Gargiulo ní Naples, Michelangelo Cerquozzi ní Róòmù. Bí ẹ bá wá rí i pé ọwọ́ tó ya ènìyàn yàtọ̀ sí ọwọ́ tó ya ògiri, ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní ayédèrú. Orúkọ ẹnì kejì ni kí ẹ béèrè, nítorí ó kan owó.

Panini, tí wọ́n bí ní Piacenza ní 1691, tó sì dé Róòmù ní 1711, máa ń ya ènìyàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò olówó ló ń ra iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ó sì mọ ohun tó wù wọ́n: ó lè gbé Pantheon, Colosseum àti òpó Trajan kalẹ̀ bí ẹni pé inú àgbàlá kan náà ni wọ́n wà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ pálọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òkúta gan-an lẹ fẹ́ràn, Codazzi ni mo máa mú. Àwọn tó ń fara wé Panini pọ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ ka ìwé ilé gbàǹjo: “láti ilé iṣẹ́ rẹ̀” tàbí “láti ọwọ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀” kì í ṣe “Panini”.

Ti Canaletto, tó ya ìgboro Venice, kò gùn, nítorí owó rẹ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwòrán Venice rẹ̀ kan ta ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 31.9 pọ́ùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kàn ṣọ́ra fún orúkọ náà, nítorí Bernardo Bellotto, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, lo “Canaletto” fún ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀dọ̀ Piranesi, tó ń tẹ àwòrán Róòmù sórí bébà, ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti lè rí ojúlówó. Abẹ́rẹ́ ló fi ń fa ilà sórí àwo bàbà tí a ti bo ojú rẹ̀, ásíìdì á jẹ ilà náà wọlé, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Láti nǹkan bí 1748 títí ó fi kú ní 1778, ó ṣe àwòrán Róòmù 135 báyìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn àwo náà kò bá a kú: Francesco ọmọ rẹ̀ kó wọn lọ sí Paris, wọ́n tún padà sí Róòmù, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ bébà dáadáa. Lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹ lè bá àdírẹ́sì rẹ̀ ní Palazzo Tomati àti iye tó ń tà á, paoli (owó Róòmù ìgbà náà) méjì àtààbọ̀; wọ́n pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Dúdú àwọn ti ìṣáájú máa ń jinlẹ̀, àwọn ti ìkẹyìn a sì máa ṣí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Ẹ fi ìka tẹ̀lé etí àwòrán náà pẹ̀lú: ó yẹ kí ọwọ́ yín bá ibi tí àwo bàbà ti tẹ bébà wọlé. Bí wọ́n bá ti gé bébà náà kọjá ibẹ̀, ó yẹ kí owó rẹ̀ wálẹ̀.